Ohun Tí Mo Fi Sílẹ̀ fún Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́

Èmi tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Oníbúrẹ́dì, ìyá ọmọ méjì, tí kì í ṣe aya ẹnikẹ́ni mọ́, ni mo ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé yìí. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí wà lórí ìwé ìrìnnà mi àti lórí àwọn ìwé ilé. Kí ẹni tó bá nílò rẹ̀ lọ wò ó níbẹ̀. Orúkọ tí mo fi iṣẹ́ ọwọ́ mi gbà ni mo fi ń hágún.

Orí mi pé. Dókítà yẹ̀ mí wò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó bi mí pé oṣù wo la wà, ó bi mí pé ọmọ mélòó ni mo bí, mo dá a lóhùn, mo sì fi kún un pé bàtà ọ̀tún rẹ̀ ti ń lanu. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ohun tó ṣe orí mi. Àyà mi ni kò lù dáadáa mọ́.

Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi. Àwọn ọmọ mi kò tilẹ̀ mọ̀ pé mò ń kọ ọ́. Gbogbo ìwé ìhágún tí mo bá ti kọ ṣáájú èyí, mo fagi lé e. Ọ̀kan wà tí mo fi gbogbo ohun tí mo ní fún ọkọ mi. Bí ẹnikẹ́ni bá rí i, kí ó fi dáná.

Mo yan àbúrò mi ọkùnrin tó jẹ́ télọ̀, àti ọmọbìnrin mi, láti mú ọ̀rọ̀ mi ṣẹ. Àbúrò mi, mo mọ̀ pé o kórìíra ìjà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi ọmọbìnrin mi tì ọ́, nítorí òun kò kórìíra rẹ̀.

ABALA KÌÍNÍ. Kí wọ́n sin mí láàárọ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ lè padà sídìí ààrò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ níbi ìsìnkú mi pé mo dárí ji gbogbo ènìyàn. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀.

ABALA KEJÌ. Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì mi, pẹ̀lú ààrò bíríkì méjèèjì, àwọn páànù, tábìlì gígùn, fúláwà yòówù tó bá kù nínú àpò, àti ẹ̀rọ tó ń po fúláwà, mo fi gbogbo rẹ̀ fún ọmọbìnrin mi, òun nìkan, àfi bí mo bá ṣe sọ ní Abala Kẹfà.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìdí tí mo fi dárúkọ ẹ̀rọ náà lọ́tọ̀. Òun kọ́ ni àkọ́kọ́ tí mo ní. Ẹ̀yin ọmọ ṣì kéré nígbà tí mo ra àkọ́kọ́, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí mo fi ọwọ́ po fúláwà títí èjìká mi fi ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Bàbá yín ń tún aago ṣe nígbà náà. Ẹ mọ̀ ọ́n: kì í pariwo, kì í na ènìyàn, kì í kánjú. Bí ó bá fẹ́ kí ọmọdé, á lóṣòó kí ojú wọn lè ṣe déédéé. Nítorí náà ni ará àdúgbò ṣe ń pè é ní Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Láwọn àárọ̀ kan, ó máa ń wá jókòó ti ààrò, á ya búrẹ́dì gbígbóná sí méjì, á fẹ́ ìdajì rẹ̀ títí yóò fi tutù, á fi sí mi lẹ́nu kí ó tó jẹ tirẹ̀.

Ohun tí ará àdúgbò kò mọ̀ ni pé pẹ̀lẹ́ yẹn náà ló fi ń jalè. Pẹ̀lẹ́ ló fi ní kí ìwé ilé wà lórúkọ òun, kí ìyọnu mi má bàa pọ̀ jù. Pẹ̀lẹ́ ló fi ń gba owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà mi kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí ìyá mi kú, mo lọ sìnkú rẹ̀. Mo padà dé pẹ̀lú aṣọ dúdú lọ́rùn, mo ṣí ilé iṣẹ́, mo sì rí ihò bóòtù lórí sìmẹ́ǹtì níbi tí ẹ̀rọ mi ti máa ń dúró. Ó ti tà á. Ó ti fi owó rẹ̀ ra mọ́tò.

Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, “Jọ̀ọ́, má jẹ́ ká pariwo. Irin lásán ni, kì í ṣe ènìyàn.” Mo ní màá kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó nu gíláàsì tó fi ń wo inú aago, ó ní, “Owó dà? Lọ́yà kì í jẹ búrẹ́dì.”

ABALA KẸTA. Sí lọ́yà tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní òkè pátápátá, tó ní àga aláwọ, tí mo sọ ní Lọ́yà Ọjọ́ Mìíràn nítorí pé ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ ọn lẹ́nu jù nìyẹn: mo fi búrẹ́dì kan sílẹ̀ fún un lọ́dọọdún, ní àyájọ́ ọjọ́ tí mo gba fáìlì mi lọ́wọ́ rẹ̀. Kí wọ́n jẹ́ kí búrẹ́dì náà jóná kanlẹ̀. Kí wọ́n fi bébà tó rẹwà dì í. Kí ọmọbìnrin mi máa rí sí i títí ọkùnrin náà yóò fi fẹ̀yìn tì, lẹ́yìn náà kí ó máa gbé e lọ sí ilé rẹ̀.

Orúkọ ńlá tí wọ́n kọ sára ògiri ló tàn mí débẹ̀. Ó gba owó kí ó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, ó tún gba òmíràn nígbà tó gbọ́ ọ tán. Gbogbo ìgbà tí a bá dé kóòtù, á ní a ó padà wá lọ́jọ́ mìíràn, á sì gba owó ìwé, owó ọkọ̀, owó àkókò. Tí mo bá bi í pé ìgbà wo ni yóò parí, á wò mí bí ẹni tó ń bi í pé kí ló dé tí òjò fi ń rọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan mo gbé búrẹ́dì lọ sí ilé ìgbafẹ́ kan. Lọ́yà mi ni mo bá níbẹ̀, ó ká apá ẹ̀wù sókè, òun àti Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ń jẹ ẹran nínú àwo kan náà. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ló tilẹ̀ dìde bá mi sọ agbọ̀n kalẹ̀. Ó ní, “Pẹ̀lẹ́ o, ìyá àwọn ọmọ mi. Iṣẹ́ yìí mà pọ̀ o.” Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ fún lọ́yà ní ìkọ̀kọ̀, ó ti fi jẹ ẹran.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé mo lọ gba fáìlì mi. Ó ní fáìlì kì í kúrò ní ọ́fíìsì òun bẹ́ẹ̀ yẹn. Mo jókòó sórí àga aláwọ náà pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ mi, fúláwà ń gbọ̀n sílẹ̀ lára mi, mo ní kò burú, màá dúró di ọjọ́ mìíràn. Oníbàárà tó bá wọlé, mo ń sọ ibi tí mo ti rí lọ́yà wa lọ́jọ́ Sátidé fún un, àti ẹni tí wọ́n jọ jẹun. Kí ọ̀sán tó pọ́n, fáìlì ti wà lọ́wọ́ mi.

ABALA KẸRIN. Sí obìnrin amòfin tí ó ń kólòlò, tí òun fúnra rẹ̀ máa ń pe ara rẹ̀ ní Lọ́yà Akólòlò kí ẹlòmíràn tó pè é bẹ́ẹ̀: kí ilé iṣẹ́ máa fún un ní búrẹ́dì kan láràárọ̀, lọ́fẹ̀ẹ́, títí ayé rẹ̀. Mo tún fún un ní ohun tó wà ní Abala Keje. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fẹ̀sùn kàn án: kò mọ ohun tó wà nínú ìwé yìí. Lọ́yà mìíràn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń bẹ̀ mí ṣáá pé kí n dín ìbínú inú rẹ̀ kù, ló bá mi tò ó bí òfin ṣe fẹ́.

Ọmọbìnrin mi, gbọ́ bí a ṣe ń wá lọ́yà, kí o lè sọ fún ẹni tó bá bi ọ́. A kì í wá a lára ògiri. Mo lọ jókòó sí kóòtù, sórí àga ẹ̀yìn tí ẹnikẹ́ni lè jókòó sí láìsan owó. Mò ń wo wọn bí mo ṣe ń wo búrẹ́dì nínú ààrò. Mo rí èyí tó pe oníbàárà rẹ̀ ní orúkọ ẹlòmíràn. Mo rí èyí tó ń tú okùn fáìlì fún ìgbà àkọ́kọ́ níwájú adájọ́. Lẹ́yìn náà ni mo rí obìnrin kan tí ẹjọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ó ń jáde bọ̀, ojú rẹ̀ mọ́ bí ẹni tí wọ́n tú okùn lọ́rùn rẹ̀. Mo sáré tẹ̀lé e. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ta ni lọ́yà yín, ṣé ó sì ṣẹ́ nǹkan kù sí yín lọ́wọ́?” Ó na ìka sí obìnrin tín-ínrín kan tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ bu omi mu nídìí ẹ̀rọ omi. Ó ní, “Òun nìyẹn. Ó ṣẹ́ ẹ kù. Ṣùgbọ́n kí ẹ ní sùúrù fún ẹnu rẹ̀ o.”

Yàrá rẹ̀ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ṣe fọ́tókópì. Tí ẹ̀rọ wọn bá ń ṣiṣẹ́, ògiri rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mí pẹ́ kí ó tó jáde lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní, “Tí gbogbo rẹ̀ bá parí, kí ni ẹ fẹ́ kó kù sí yín lọ́wọ́?” Mo ní ilé iṣẹ́ mi, ilé tí a ń gbé, àti orúkọ mi. Ó ní kí n gbàgbé ilé. Inú bí mi, mo fẹ́ dìde. Ó fi ọwọ́ dá mi jókòó. Ó ní ìkọ̀sílẹ̀ kọ́ ló ń jẹ owó ènìyàn, ìjà ni. Ohun tí tọkọtaya bá ti fẹnu kò lé lórí kí wọ́n tó dé kóòtù, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ náni ní nǹkan kan. Ìwé ilé wà lórúkọ ọkọ mi, tí a bá jà á, ọdún á gorí ọdún. Kí a fi ilé sílẹ̀ fún un, kí a kó gbogbo agbára wa lé ilé iṣẹ́ tó ń bọ́ mi.

Ó sọ iye iṣẹ́ rẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀, iye náà kò sì yí padà títí a fi parí. Ó ní kí n máa san án díẹ̀díẹ̀. Ìwé tí mo bá lè lọ gbà fúnra mi, èmi ni ó máa ń rán. Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níwájú rẹ̀, ó ti tíṣù sọ́dọ̀ mi, ó ní, “Ẹ lọ sun ún fún àbúrò yín, ọ̀fẹ́ ni. Tí ẹ bá sun ún níbí, mo máa kà á mọ́ owó iṣẹ́.” Mo bú sẹ́rìn-ín. Mi ò tíì rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Mo ti mú búrẹ́dì kan dání fún un lọ́jọ́ náà. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ti jẹ ẹ́ dé ìdajì. Lọ́yà máa ń jẹ búrẹ́dì.

ABALA KARÙN-ÚN. Sí ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ obìnrin: mo fi agolo yíìsì ńlá kan sílẹ̀ fún un, kí wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wọ yàrá rẹ̀. Ó dúró ní kóòtù, ó fi ọwọ́ lé àyà, ó ní owó àbúrò òun ni mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àti pé òórùn yíìsì lára mi ló ń lé ọkọ mi jáde nílé. Ẹni tí kò ra búrẹ́dì rí láti ọjọ́ tí mo ti wọ ìdílé wọn.

ABALA KẸFÀ. Sí ọmọkùnrin mi, àkọ́bí mi: mo fi ọkọ̀ tí a fi ń pín búrẹ́dì sílẹ̀ fún un, èyí àtijọ́, tí kì í ṣiṣẹ́ àfi tí ènìyàn bá tì í. Kí ó máa tì í. Kò gbọdọ̀ tà á.

Ọmọ mi, ìwọ lo wa mọ́tò tí bàbá rẹ fi ẹ̀rọ mi rà wá sí kóòtù. O ní o kò rí ohunkóhun rí tí ìyá rẹ rà nínú ilé. O ti gbọ́n tó láti mọ ohun tí ò ń sọ. O kò wo ojú mi. Èmi wò ọ́. Mo rí i pé irun orí rẹ ti kún jù, ó sì ń ṣe mí bíi kí n sọ fún ọ níbẹ̀ pé kí o lọ gẹ̀ ẹ́. Ohun tó bí mi nínú jù lọ lọ́jọ́ náà nìyẹn, pé mo ṣì ń wo irun orí rẹ.

O jáde kí o tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ. Bàbá rẹ ló kàn. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi inú àmù. Ó ní òun ló ni ilé iṣẹ́, òun ló ni ẹ̀rọ, òun kàn ń jẹ́ kí n máa ṣeré níbẹ̀ ni. Lọ́yà rẹ̀ ti ń fi lọ́yà mi ṣe yẹ̀yẹ́ láti àárọ̀. Tí obìnrin náà bá ti ń kólòlò, á na ọwọ́, á wo aago. Lọ́yà mi dìde, ó ní ìbéèrè kan ṣoṣo ni òun ní. Ó ní, “Nígbà tí ẹ fẹ́ ta ẹ̀rọ náà, ta, ta, ta ni ẹ sọ, ẹ sọ fún ẹni tó rà á pé, pé…” Ọ̀rọ̀ há sí i lọ́fun. Àwọn ènìyàn ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó káàánú rẹ̀ bó ṣe máa ń káàánú gbogbo ayé níta, ó bá a parí rẹ̀: “Ta ni mo sọ fún un pé ó ni ín? Mo ní ìyàwó mi ló ni ín, mo ní òun ló rán mi. Ó tán àbí?”

Lọ́yà mi kọjú sí adájọ́, ó ní, “Ó tán, Olúwa mi,” ó sì jókòó. Kò kólòlò nínú ìyẹn rárá.

Adájọ́ ní kí akọ̀wé ka ìdáhùn náà sókè. Akọ̀wé kà á. Bàbá rẹ la ẹnu, ó ní, “Mo, mo, mo…” Lọ́jọ́ náà, òun ló wá di akólòlò.

Wọ́n tú wa ká. Ilé iṣẹ́ di tèmi, wọ́n sì ní kí ó dá owó ẹ̀rọ mi padà. Ilé di tirẹ̀. Mo kó aṣọ mi sínú àpò fúláwà, orí tábìlì iṣẹ́ ni mo sì ń sùn títí mo fi rí yàrá gbà. Ọmọ mi, o kò wá kí mi níbẹ̀.

Bí o bá wá sí ilé iṣẹ́, tí o wọ aṣọ funfun, tí o bá àbúrò rẹ po fúláwà fún odindi ọdún kan, lówó oṣù tí à ń san fún òṣìṣẹ́ tuntun, kí ó fún ọ ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí o bá ránṣẹ́ wá pé àyè kò sí, ọkọ̀ wà níta.

ABALA KEJE. Ilé tí ògiri rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, tó kọjú sí ilé ìfìwéránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí yóò ya ẹ̀yin ọmọ lẹ́nu. Ilé tí mo fi sílẹ̀ fún bàbá yín ni. Ó fi í ṣe ìdúró láti yá owó ní báǹkì, ó fi owó náà ṣí ṣọ́ọ̀bù aago ńlá, ní ìgbà tí gbogbo ayé ti ń wo aago lára fóònù. Ṣọ́ọ̀bù wọlẹ̀. Báǹkì gbé ilé sí gbàǹjo. Mo rà á. Lọ́yà Akólòlò ló bá mi ṣe ìwé rẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí bàbá yín bẹ alágbàtà pé kí ẹni tó ra ilé jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun háyà yàrá ẹ̀yìn, mo ní kí wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti jẹ́ ayálégbé mi. Kò mọ̀. Tó bá san owó, á ní kí alágbàtà bá òun kí onílé, ó ní onílé yẹn mà jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́ o. Nígbà tí òrùlé rẹ̀ ń jò, mo ní kí wọ́n tún un ṣe. Lọ́jọ́ tí alágbàtà sọ fún mi pé ó ń fi onílé rẹ̀ sínú àdúrà, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọmọbìnrin mi rò pé èéfín ni.

Mo fi ilé náà fún Lọ́yà Akólòlò, lórí àdéhùn wọ̀nyí. Kí iwájú rẹ̀ jẹ́ ọ́fíìsì tí ẹni tó fẹ́ kọ ọkọ tàbí aya sílẹ̀, tí kò sì lówó rẹpẹtẹ, yóò ti rí lọ́yà tí ń sọ iye rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n to bẹ́ǹṣì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún àwọn tó ń dúró. Kí wọ́n gbé pátákó gàdàgbà síta, kí wọ́n kọ ọ́ sí i pé: ÌKỌ̀SÍLẸ̀ NÍ IYE TÍ APÁ YÍN KÁ.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lé Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́. Mo tún un sọ: kí wọ́n má lé e. Kí ó máa gbé yàrá ẹ̀yìn títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé, kí wọ́n má sì fi kún owó ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi bíríkì dí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Kí ó máa gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọlé, kí ó máa gbabẹ̀ jáde, láàárín àwọn obìnrin tó jókòó, kí ó máa sọ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé ẹ pẹ̀lẹ́.

ABALA KẸJỌ. Ológbò mi, kí àbúrò mi mú un. Eku pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

ABALA KẸSÀN-ÁN. Kí wọ́n ka ìwé yìí ní yàrá iwájú nínú ilé tí mo dárúkọ ní Abala Keje, láàárọ̀, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí. Kí wọ́n sọ fún Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ pé onílé rẹ̀ ti kú, ó sì rántí rẹ̀ nínú ìwé ìhágún. Á fá irùngbọ̀n. Á wọ ẹ̀wù tó dára jù lọ. Kí wọ́n fún un ní àga ìjókòó tó rọ̀, kí ó sún mọ́ ẹni tó ń kà.

Ọmọbìnrin mi ni kí ó kà á, kí ó má sì sáré kà á. Tó bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ilé náà wà, kí ó sinmi, kí ó mu omi díẹ̀, kí ó gbé ojú sókè wo ojú bàbá rẹ̀. Ọmọ mi, wò ó dáadáa. Wò ó pẹ́. Bá mi wò ó, nítorí nínú gbogbo ènìyàn tó máa wà nínú yàrá yẹn, èmi tí mo fẹ́ rí i jù lọ ni mi ò ní sí níbẹ̀.

Mo ka ìwé yìí láti òkè dé ilẹ̀ kí n tó fọwọ́ sí i, mi ò sì rí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí mo fẹ́ yọ.

Ọwọ́ mi rèé: ÌYÁ ONÍBÚRẸ́DÌ

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta, nínú ọdún tí mo pé ẹni àádọ́rin.

Àwọn tó rí i nígbà tí mo fọwọ́ sí i, tí àwọn náà sì fọwọ́ sí i níwájú mi:

Obìnrin tó ń ta bọ́tìnnì àti òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iṣẹ́ mi, tó ní kí n bá òun ṣí àyè sílẹ̀ kí òun lè wá gbọ́ ọ.

Ọ̀gbẹ́ni tó ń pín lẹ́tà ní àdúgbò wa, tó bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú.